Sípánà Olówó Gọbọi

Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán, ọkọ̀ irinṣẹ́ á dé,
á fẹ̀yìn wọ àgbàlá wa ní Winnipeg,
pín-ín, pín-ín, pín-ín,
á ṣílẹ̀kùn. Irin á máa kọ mànà nínú iná.
Dwayne kì í polówó ọjà.
Á kàn fi sípánà kan lé ọ lọ́wọ́,
á ní, "Dì í mú ná."
Ẹni tó bá ti dì í mú ti jẹ gbèsè.

Èmi náà dì í mú.
Nọ́ńbà mẹ́wàá, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ,
dọ́là mẹ́rìnléláàádọ́rin.
Mo ní ṣé ó máa ń dá nìkan tún mọ́tò ṣe ni?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé àwìn,
ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń kọ Akíngbohùngbé.
Ìlà kan ò gbà á.

Ní Oǹdó, sípánà mọ́kànlá ni Ọ̀gá Akínṣeté ní,
gbogbo wọn nínú àpò ìrẹsì.
Ẹnu nọ́ńbà mẹ́tàlá ti gbòòrò,
ó gé páànù mílíìkì há a lẹ́nu kó lè rí bóòtù bù jẹ.
Ohun tó fi tú ẹ́ńjìnnì lọ́ọ̀rì kòkó nìyẹn,
tó tò ó padà kílẹ̀ tó ṣú,
tí lọ́ọ̀rì náà lọ sí Ọ̀rẹ̀, tó bọ̀.
Bí mo bá sọ iye sípánà yìí fún un,
á ní kí n bi wọ́n léèrè ta ni wọ́n sin sínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ò tú bóòtù rí lóṣù kìíní níbi tí a wà yìí,
nínú òtútù tí itọ́ ń dì kó tó balẹ̀,
lábẹ́ ọkọ̀ tí iyọ̀ ojú títì ti jẹ nídìí bí ikán ṣe ń jẹ òpó.
Sípánà mi, ti dọ́là mẹ́ta,
yọ̀ lórí bóòtù, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi gbá irin.
Ìka méjì bó.
Bóòtù di róbótó, kò nígun mọ́.
Wákàtí mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ ẹ́,
owó wákàtí kan ni wọ́n san fún mi.
Orest, bàbá ará Yukréènì, na tirẹ̀ sí mi, kò fọhùn.
Ó lẹ̀ mọ́ orí bóòtù kejì bí ìgbín lára igi.
Mo fún un. Kàá.
Ó tú.

Àpótí irinṣẹ́ Orest ga ju kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ.
Ọdún méjìlélógún ló fi san án,
Halyna ìyàwó rẹ̀ ní òrùlé àwọn ṣì ń jò.
Nígbà tó fẹ́ fẹ̀yìntì lóṣù kẹrin,
ọmọ kan wá wò ó, ó dá ìdámárùn-ún owó tó rà á lé e.
Orest ò bú u. Ó ń fi òróró nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.
Dídán wọn ò yàtọ̀ sí ti ọjọ́ tó rà wọ́n,
ọwọ́ tó fi ń nù wọ́n ni kò lè di nǹkan mú dáadáa mọ́.

Ìyàwó mi bi mí: ṣé ó tówó rẹ̀?
Mo ní owó ni mo fún wọn, ọwọ́ ni mo rà.
Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.
Dọ́là márùn-ún, dọ́là márùn-ún,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo san án tán.
Lọ́sẹ̀ kẹrìndínlógún ó bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì oníbàárà kan,
n ò gbọ́ ìró ibi tó jábọ́ sí.
Bóyá ó ti ń gun mọ́tò kiri lọ́nà Brandon báyìí,
láìsan owó ọkọ̀.

Mo ti tún ra ti dọ́là mẹ́ta fún bóòtù tó bá rọ̀.
Fún èyí tó bá le, mo ń bẹ Ọlọ́run.
Ọjọ́bọ̀ mìíràn nìyí. Mo ń gbọ́ ọ tó ń fẹ̀yìn bọ̀,
pín-ín, pín-ín, pín-ín.
Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.